Àtàǹpàkò tí Mo Fà Sẹ́yìn

Ìkòsì, Kétu.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Rótìmí, Àjàní ọmọ mi,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí. Kò sí ìròyìn òkú nínú rẹ̀. Rónkẹ́ ìyàwó rẹ wà láàyè, ọmọ inú rẹ̀ ń yí, ara ìyá rẹ sì le. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí pé bí ìwé bá dédé wá láti ọ̀dọ̀ bàbá tí kò mọ̀wé, àyà ọmọ ní láti já.

Tísà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ń bá mi kọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí gan-an ni kó kọ. Ó ní, "Bàbá Rótìmí, bó bá jẹ́ èébú ńkọ́?" Mo ní kó kọ ọ́, kó sì fi àmì sí i lórí.

Lánàá tí mo pè ọ́ lórí fóònù, gbólóhùn méjì péré ni o jẹ́ kí n sọ. O ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan ìyàwó mi o. Wọn kì í fi abẹ bímọ nílé wa. Mi ò ní fọwọ́ síwèé kankan. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ìwé tí kò bá yéèyàn, kéèyàn má fọwọ́ kàn án?" Lẹ́yìn náà, o pa fóònù. Mo jókòó, mo ń wo fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ni o fi dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Tísà mú bírò. Èèyàn kì í bá ìwé jiyàn, o kò sì lè pa á mọ́ mi lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí o kò sí níbẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí o lọ síbi iṣẹ́ tuntun rẹ ní Ìlọrin ni Rónkẹ́ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìrora. Ó ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé ni, ló bá pe ìyá rẹ: "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Àwọn dókítà dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kó má gbé nǹkan tó wúwo mọ́. Láti ọjọ́ náà ni èmi bàbá rẹ ti ń pọn omi ilé. Àwọn obìnrin tó wà níbi ẹ̀rọ omi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Bàbá Rótìmí, àbí ẹ̀yin lẹ lóyún ni?" Mo ní, "Èmi ni. Ó ti pé oṣù méje." Òmíràn ní, "Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ o, Bàbá, kó má baà já bọ́ síbí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi kún garawa mi tó ń ṣàn sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé omi náà dé ilé, mo rántí pé nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ, n kò pọn garawa kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀jẹ̀ náà tún dé, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí. Wọ́n ní kò ní padà sílé títí yóò fi bímọ.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tó ọ lọ́jọ́ orí. Èmi náà kọ́kọ́ fojú di í. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, èmi ni ọ̀gá náà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti gbin nǹkan rí?"

Mo ní, "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Kí ni mi ò tíì gbìn?"

Ó mú ìwé, ó ya ikùn, ó ya ọmọ sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ olóbì, èyí tí ẹ máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Òun ni gbòǹgbò ọmọ. Láti ara ìyá ló ti ń fa oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀. Lára ẹlòmíràn, òkè ló máa ń so mọ́. Lára ìyàwó yín, ìsàlẹ̀ ló so mọ́, ó dí ẹnu ọ̀nà. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ jáde, kí ni yóò kọ́kọ́ já, Bàbá?"

Mo ní, "Gbòǹgbò."

Ó ní, "Bí gbòǹgbò bá já, ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò máa dà, kò sì sí ẹni tí yóò lè dá a dúró. Kì í ṣe pé ìyàwó yín kò lágbára. Ọ̀nà ni kò sí. Àwa la máa ṣí ọ̀nà míràn fún ọmọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí."

Rótìmí, mo wo àwòrán náà títí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá ilẹ̀ sọ láti kékeré ni ọmọbìnrin yìí ń sọ fún mi.

Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan gbé nǹkan kékeré lé Rónkẹ́ níkùn. Ohùn kan jáde. Ó yára, ó ń lù kì-kì-kì-kì, bí ìgbà tí ọmọ ewúrẹ́ bá ń sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo ní, "Ẹ̀rọ yín yìí ń sáré jù." Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ̀rọ kọ́. Ọkàn ọmọ yín ni."

N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi dé orí mi. Mo ṣí fìlà. Mo ti gbin ẹ̀gẹ́, mo ti gbin àgbàdo, mo ti rí i tí ohun tí mo bò mọ́lẹ̀ lánàá tú ilẹ̀ jáde lẹ́yìn òjò. Mo rò pé mo ti mọ bí ohun tó wà nínú òkùnkùn ṣe ń di alààyè. N kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí kò tíì rí oòrùn, tí kò tíì ní orúkọ, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti wá bá wa, kò sì sinmi rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀! Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Rónkẹ́ ní, "Dádì, ẹ jókòó." N kò lè jókòó níwájú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà ní Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé, pé ara rẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ mi orí. Ó ní, "Ọkọ mi ti kọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé mo kọjá àṣẹ ọkọ mi." Ó ń sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó yí ojú sí ògiri kí n má baà rí i, ṣùgbọ́n mo rí i.

Nísinsìnyí, ọmọ mi, mo fẹ́ sọ ibi tí ẹ̀kọ́ burúkú tí mo kọ́ ọ ti wá.

Bàbá mi ní oko ẹ̀gẹ́ àti ilá lẹ́yìn Ìkòsì yìí, níbi tí àwọn ilé alájà wà báyìí. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ kóòtù wá bá a ní àbà. Wọ́n ní àwọn mú ìwé wá tí yóò jẹ́rìí pé òun ló ni oko. Wọ́n kà á fún un, ó dùn létí. Wọ́n fa àtàǹpàkò rẹ̀, wọ́n tì í bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n fi gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tí kátapílà dé ló tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa ń wò bó bá jókòó. Kó tó kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Má tẹ̀ka sórí ohun tí o kò lè kà." Mo búra fún un.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa ń sá. Ekòló ni mo rí, Rótìmí, mo sì sá. Ẹlòmíràn ni ejò wá bù jẹ.

O rò pé ìwọ ni àkọ́bí wa. Ìwọ kọ́. Nígbà tí o wà ní ìwé kẹta, o ti ilé ẹ̀kọ́ dé, o ní olùkọ́ yín sọ pé ọmọ tí wọ́n bá bí tẹ̀ lé èyí tó kú ni wọ́n máa ń sọ ní Rótìmí. O bi mí pé, "Bàbá, ta ló kú?" Mo ní kí o lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ. Ìdáhùn tí mo fi pamọ́ fún ọ láti ọjọ́ náà rèé.

Ìyá rẹ rọbí oyún àkọ́kọ́ rẹ̀, ọmọ kò wá. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí ní ọmọ ti dábùú. Mọ́tò tó ń kó ẹ̀gẹ́ ni a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé kan gbé ìwé àti tàdáwà wá, ó di ìka mi mú. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Mo ní, "Kí ló wà nínú ìwé yìí?" Ó kà á fún mi. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe kà á fún bàbá mi náà nìyẹn." Ó tún kà á. Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ kúrò níwájú mi. Dókítà wá bẹ̀ mí. Mo ní abẹ kò ní kan aya mi, bí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò bí i wẹ́rẹ́. Ìyá rẹ pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ṣé kí n kú ni?" Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Mo rò pé mo dúró ṣinṣin. Mo rò pé bàbá mi ń wò mí láti ọ̀run, pé inú rẹ̀ ń dùn.

Oòrùn ti yí kí bàbá ìyá rẹ tó dé láti Ìkòròdú. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi èjìká tì mí dànù lójú ọ̀nà, ó tẹ àtàǹpàkò tirẹ̀. Abẹ náà gba ìyá rẹ là. Ọmọ náà, obìnrin, ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Dókítà ní ká ní àárọ̀ ni.

Àwọn èèyàn wá kí mi. Wọ́n ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mo ń ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bi mí pé ta ló da omi náà nù.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà wá kí n wò ó. N kò wò ó. Ìyá rẹ wò ó. Títí di òní yìí, òun nìkan ló mọ ojú àkọ́bí wa.

Ìwọ tó o ní wọn kì í fi abẹ bímọ nílé wa, abẹ ni wọ́n fi gbé ọ jáde. Àpá tó wà níkùn ìyá rẹ, tí a sọ fún ọ pé egbò àtijọ́ ni, ẹnu ọ̀nà tí o gbà wọ ayé nìyẹn. Bàbá ìyá rẹ náà ló tún tẹ̀ka. Èmi wà lóko tí mo yá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí oko ni.

Kí n tó wá bá Tísà lónìí, mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá kí n sọ gbogbo èyí fún ọ. Ó ń já ewé ẹ̀fọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí yín." Ó já ewé kan sí i, ó wá ní, "Ẹ sọ fún un pé àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi tiyín. Òun ni mo kọ́kọ́ rí." N kò mọ èyí rí, Rótìmí. Láti gbogbo ọdún yìí wá, n kò mọ̀ ọ́n.

Tísà ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ó ní eruku wọ òun lójú. Jẹ́ kó nu ojú tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn.

Àkọ́kọ́: má bá ìwé ṣọ̀tá. Bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èmi kò lè kà, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rù. Ìwọ lè kà, o ní ẹnu, dókítà náà kì í bínú sí ìbéèrè. Bi í ní ogún, bi í ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá ti dá ọ lóhùn tán, má fi orúkọ mi bojú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ, mo gbà á padà lónìí. Fún mi ní ẹ̀kọ́ mi.

Èkejì: wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn nílò èyí tí wọn yóò fi pamọ́ de Rónkẹ́, bó bá ṣẹlẹ̀ pé tirẹ̀ dà jù. Mo na apá mi, nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ orí mi ti kọjá rẹ̀. Tísà náà na tirẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí àwa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni mo ń wá. Kì í pa ọkùnrin.

Ẹnu ayé ńkọ́? Mo mọ̀ pé àbúrò mi, Àǹtí Adùkẹ́ rẹ, ti pè ọ́. Ó wá síbí náà. Ó ní, "Bọ̀dá, obìnrin gidi, ó ń rọbí ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ." Mo ní, "Adùkẹ́, ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀, tó tún dìde fún ọmọ lọ́mú, kí lo tún fẹ́ kó ṣe kó tó di obìnrin?" Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹyin, ó ní kí Rónkẹ́ má jẹ ẹyin kí ọmọ má baà ya olè. Nọ́ọ̀sì sì ti ní kó máa jẹ ẹyin, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Mo mú ẹyin sísè méjì, mo jẹ wọ́n lójú Adùkẹ́, mo ní kó ká àpò rẹ̀ mọ́ra, pé mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Má bínú sí i, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò rí inú ikùn. Ẹ̀rọ rí i.

Pín-ìn-nì tí ìyá rẹ fi há aṣọ Rónkẹ́ níkùn nítorí oòrùn ọ̀sán, mo ní kó fi sílẹ̀. Àwọn ìyá wa fi ṣọ́ àwọn ọmọ wọn. Àdúrà ìjọ náà, a ń gbà á. Àmọ́ kò sí èyí nínú wọn tó sọ fún wa pé ká má gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni àgbà, ọjà náà sì ti kún.

Ní ti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́: mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò tíì gbóná lọ́wọ́ rẹ, o ń bẹ̀rù láti tọrọ àyè. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Sọ òtítọ́ fún un. Bó bá kọ̀, máa bọ̀. Èmi náà lọ sí oko lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, mo ro ebè tó pọ̀. N kò rántí ohun tí mo gbìn sí i.

Bó o bá dé, má bi Rónkẹ́ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Má sì bi í pé kí ló ṣe tí olóbì fi wá sísàlẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní kí nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kékeré yẹn lé e níkùn, kí o gbọ́ ohùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá ṣì lè sọ pé rárá, wá sọ ọ́ lójú mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ fún dókítà pé kó mú ìwé náà wá. Ó ní orúkọ Rónkẹ́ ló ṣe pàtàkì, pé ìka tèmi kò pọn dandan. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ló pọn dandan fún." Mo bi Rónkẹ́ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ó ní, "Dádì, mo fẹ́ rí ọmọ mi. Bí ẹ̀yin bá tẹ̀ka, èmi náà á fọwọ́ sí i." Mo ti àtàǹpàkò mi bọ inú tàdáwà. Ó tutù. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, mo dúró, mo ń retí kí nǹkan kan já gbà lọ́wọ́ mi. Kò sí oko tó lọ. Kò sí kátapílà tó dé. Rónkẹ́ gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún orúkọ ọkọ òun.

Nítorí náà, wọn yóò ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, bó o wá, bó ò wá. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbé ọmọ mi wá kí n wò ó. Mo yí ojú. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé tìrẹ wá.

Awakọ̀ tó kó àlùbọ́sà wá sí ọjà Máìlì Túẹ́lìfù ni yóò mú ìwé yìí kọjá ní Ìlọrin lọ́la. Ìyá rẹ kí ọ. Tísà kí ọ, ó ní òun kò fi àmì sí ibi kankan tí kò yẹ.

Wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Àmì dúdú yẹn ni orúkọ mi. Tàdáwà àárọ̀ yìí ni, n kò tíì fọ ọwọ́ mi. Wo bó ṣe pẹlẹbẹ. Gbé àtàǹpàkò tìrẹ lé e, kí o wò ó. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o máa bọ̀ wálé wá wo ti ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.